Ọ̀níní Tó Gbé Mi Dé Jáńkárà

Láàárọ̀ Sátidé, mo wọ dánfó ní Ọ̀yìngbò, a kọjá Ìddó, a gba orí afárá Kátà bọ́ sí Ìdúmọ̀tà. Ọ̀níní, owó oníhò ayé àtijọ́, ni mo ń wá lọ. Mo ti ní tọ́rọ́, mo ní sísì, mo ní ṣílè tó ní igi ọ̀pẹ lára. Ọ̀níní tí ìyá àgbà ń sọ, tí mẹ́wàá rẹ̀ ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan (pẹ́nì òyìnbó), ni n kò tíì fi ojú kàn.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ti fi kànìnkànìn onírin fọ owó tirẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó dùn mí gan-an. Ọdún tó wà lára wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́.

Ní Jáńkárà, mo kí ìyá oníìlẹ̀kẹ̀ kan. "Ẹ kú ọjà, mà. Ṣé ẹ ní ọ̀níní?"

Ó wò mí. "Ta ló sọ ọ̀níní fún ẹ?"

"Ìyá bàbá mi ni, mà."

Ó fa okùn kan yọ lábẹ́ àtẹ. Owó mẹ́tàlá ló sín sí i, bí àwọn àgbà ṣe ń sín owó ẹyọ. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà yí ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Mo ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi kan 1936, pẹ̀lú orúkọ Edward Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àyà mi là gààrà! Ọba yìí kò pé ọdún kan lórí oyè, wọn ò dé e ládé, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Nílùú òyìnbó gan-an, wọn ò kó owó tó ní orúkọ rẹ̀ jáde fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n owó oníhò tiwa kò gba àwòrán orí ọba, orúkọ nìkan ti tó, wọ́n sì ti rọ ọ́. Owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Gáḿbíà, ní Sàró, ní Gold Coast àti lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí Nàìjíríà rọ owó tirẹ̀ ní 1959, eépìnnì, ìyẹn ààbọ̀ kọ́bọ̀, ló kéré jù níbẹ̀. Ọ̀níní ò sí mọ́.

Ìyá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, mo san án láìná an.

Nírọ̀lẹ́, mo fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà. Ó ti èékánná bọ inú ihò náà, ó ń yí i, ó ń yí i. Ó ní kí n bá òun wá okùn.