Jíìnsì Ńlá ní Japan: Ẹ Di Owó Yín Mú Dé Kojima

Bó bá jẹ́ jíìnsì ńlá tó fẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, irú èyí táwọn ọ̀dọ́ Tokyo ń wọ̀ tí etí rẹ̀ ń bo bàtà, ló ń gbé yín lọ sí Japan, ẹ di owó yín mú títí ẹ ó fi dé Kojima, ìlú jíìnsì tó wà ní Okayama. Harajuku, agbègbè oge ní Tokyo, dára fún ìran wíwò. Owó tí mo ná síbẹ̀ ṣì ń dùn mí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin Harajuku ná, torí ìyìn tọ́ sí i. Àwọn òpópónà kéékèèké tó wà lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Ura-Harajuku, ni NIGO àti Jun Takahashi, àwọn gbajúmọ̀ oníṣẹ́ aṣọ oge, ti ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn, Nowhere, lọ́dún 1993. Èmi àti àbúrò mi tó ń kàwé ní Tokyo jókòó lágbègbè náà, à ń wo ènìyàn. Ṣòkòtò wọn fẹ̀ débi pé atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Inú mi dùn gan-an. Èmi tí mo nítan, tí mo ní ìbàdí, láti yunifásítì ni jíìnsì tó fún mọ́ra ti ń fìyà jẹ mí: bí itan bá fi lè wọlé, ẹ̀yìn á yọ sílẹ̀ gbayawu. Níbẹ̀, aṣọ gan-an ni wọ́n ń wò, bó ṣe ń wálẹ̀ láti ìdí, bó ṣe ń ká jọ sórí bàtà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù òkìríkà kan. Mo rí ọ̀kan tó wù mí, owó rẹ̀ jẹ́ 16,500 yẹ́ẹ̀nì. Mo fẹ́ ná an, àbúrò mi fà mí lọ́wọ́.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í ná ọjà níbí o."

Ó dáa, mo san án. Ṣòkòtò náà gùn jù, ọmọ tó ń tajà sì ní àwọn á bá mi gé e, àwọn á ká etí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àbúrò mi bi í lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀fẹ́ ló ní. Nígbà tá a padà dé nírọ̀lẹ́, ó tẹrí ba dáadáa, ó sì ti àwo kékeré tí wọ́n fi ń gbowó síwájú mi: 2,200 yẹ́ẹ̀nì. A sọ ọ́, a tún un sọ. Gbogbo ohun tó ń ṣe ni kó máa tọrọ àforíjì, kó tún máa ti àwo. Tẹríba tí kò ní òdodo nínú kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí, ní orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́.

Owó yẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Mo yí etí ṣòkòtò náà padà, mo rí i pé ojú rírán lásán ni wọ́n fi rán an, bí ẹni ń rán ṣòkòtò iléèwé. Etí jíìnsì gidi, chain stitch, ìyẹn rírán tí òwú rẹ̀ so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, ni wọ́n fi ń rán an. Rírán yẹn máa ń fa aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti ń fọ̀ ọ́, etí rẹ̀ á lọ́ bí okùn, aró á sì ṣí níbi tó ga, á dúró níbi tó lọ sínú. Nínú ṣòkòtò tó fẹ̀, etí yẹn lojú ń kọ́kọ́ rí. Mi ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Okayama, a sì pààrọ̀ sí ọkọ̀ ojú irin Marine Liner. Ní ibùdókọ̀ Kojima, jíìnsì ni wọ́n yà sára àtẹ̀gùn! Ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Ajino, àdúgbò tí àwọn ṣọ́ọ̀bù jíìnsì wà, ẹ ó rí ṣòkòtò tí wọ́n sá sórí okùn lókè títì látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìlú yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti fi jíìnsì yangàn. Orí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun ni wọ́n wà, iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀, òwú sì ń fara da iyọ̀ ju ìrẹsì lọ. Òwú ni wọ́n gbìn, wọ́n di ahunṣọ, wọ́n di aránṣọ iléèwé, nígbà tó sì di 1965, wọ́n rán ọ̀kan lára àwọn jíìnsì àkọ́kọ́ tí wọ́n rán ní Japan, aṣọ tó ti Amẹ́ríkà wá ni wọ́n fi rán an. Lónìí, àwọn kan ṣì ń hun tiwọn lórí òfì àtijọ́ tí Toyoda ṣe, ilé iṣẹ́ òfì tí Toyota onímọ́tò ti jáde. Ó ń falẹ̀, aṣọ rẹ̀ kò sì fẹ̀ púpọ̀, nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í tú.

Bàbá kan tó ni ṣọ́ọ̀bù rírán gba ṣòkòtò mi, ó yí etí rẹ̀ wò, ó mi orí. Ó tú gbogbo rẹ̀. Ó gbé e sórí Union Special, máṣíìnì Amẹ́ríkà tó ti dàgbà, ó rán ẹsẹ̀ méjèèjì lójú mi, ó gba 1,100 yẹ́ẹ̀nì. Nígbà tó ń ṣe é, ó ṣàlàyé fún àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń lọ́ òwú pọ̀ bí okùn kí wọ́n tó rì í bọ aró, kí inú rẹ̀ lè funfun. Wọ́n á rì í, wọ́n á yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọ́n á tún rì í. Mo ní kó sọ fún bàbá pé ohun táwọn aláró Abẹ́òkúta ń ṣe sí àdìrẹ nìyẹn, pé aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé kó tó di búlúù. Bàbá náà ní kí n fi àwòrán hàn án. Ó wò ó pẹ́, ó ń fi ìka mú fóònù sún mọ́ ojú.

Mo ra òmíràn níbẹ̀, tuntun, 24,200 yẹ́ẹ̀nì, ìdí rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, mo jókòó nínú rẹ̀ láìsé èémí rárá. Ó wọ́n, ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tètè dé o, torí wọ́n ti ń tilẹ̀kùn ní kété tírọ̀lẹ́ bá lẹ́. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti fọ̀ ọ́, torí èyí tí wọn kò tíì fọ̀ máa ń súnkì. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ jókòó sórí àga funfun lóṣù àkọ́kọ́. Aró rẹ̀ ò mọ àga olówó iyebíye.