Wọ́n ní orí mi ò ṣe nǹkan kan: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára concussion (ìpalára ọpọlọ tí orí gbígbá ń fà)

Ẹ̀yin tí ẹ fi orí gbá nǹkan, tí wọ́n ti fẹ̀yìn yín lélẹ̀ sínú yàrá òkùnkùn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Èmi àti ẹnìkan la jọ fò lé bọ́ọ̀lù, orí la fi gbá ara wa. Mi ò dákú. (Ẹni tí kò dákú náà lè ní concussion o, ọ̀pọ̀ ni kì í dákú.) Wọ́n yàwòrán orí mi pẹ̀lú ẹ̀rọ CT, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kí n lọ dùbúlẹ̀ títí orí á fi dákẹ́.

Orí ò dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ní kí n lọ wẹ̀, bí mo ṣe dìde báyìí, òòyì gbé mi. Mo di ògiri mú. Ojú mi ṣú, etí mi ń hó, àyà mi ń lù kìkì bí ẹni tó sáré. Mo rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ń pè mí, mò ń gbọ́, mi ò rí ọ̀rọ̀ tí màá fi dáhùn. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi ní pálọ̀: "Ṣebí wọ́n ní orí rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan? Kò kàn fẹ́ ṣiṣẹ́ ni." Orí fífọ́ yẹn ò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣì ń dùn mí.

Dókítà mìíràn ló là mí lóye. Egungun tó fọ́ àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ni CT ń wá. Iṣẹ́ ọpọlọ ni concussion ń dàrú. Nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara ni ọpọlọ, àmọ́ nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ló ń gbà. Tí orí bá gbá, èròjà kan tó ń jẹ́ potassium á jò jáde nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì á sì nílò ṣúgà púpọ̀ láti fi tún ara rẹ̀ ṣe. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ṣúgà bọ̀ sábà máa ń dínkù. Ebi ń pani, oúnjẹ ò dé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa fẹ̀, kó máa sún kì, lè máa ṣe ségesège, ìdí nìyẹn tí ìdìde lásán fi lè di wàhálà.

Ẹ má dùbúlẹ̀ pẹ́! Ìsinmi wákàtí 24 sí 48 ti tó, kí ẹ dín wíwo fóònù kù nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa rìn, tàbí kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan. Ohun tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí nípàdé àgbáyé lórí concussion nínú eré ìdárayá, tí wọ́n ṣe ní Amsterdam lọ́dún 2022, nìyẹn, èmi kọ́ ni mo dá a sọ. Ní yunifásítì Buffalo ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí méjì, Leddy àti Willer, gbé ìdánwò kan kalẹ̀: wọ́n á mú aláìsàn rìn lórí treadmill, ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí ẹ̀ lójú kan, títí wọ́n á fi mọ ibi tí ìlùkìkì ọkàn dé kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí i. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ lẹ máa ṣe eré ìmárale. Tí ìrora bá fi ohun tó ju 2 lọ pọ̀ sí i ju bó ṣe wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, lórí òṣùwọ̀n 0 sí 10, ẹ dúró, ó di ọ̀la. Mi ò ní kí ẹ lọ sáré o, mo ní kí ẹ rìn. Èmi rìn, ara mi sì ń yá.

Ẹ má padà sórí pápá kí dókítà tó fọwọ́ sí i, nítorí ìgbákejì lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má sì dùbúlẹ̀ pẹ́, mo tún un sọ. Àmọ́ tí ẹni náà bá ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tí orí fífọ́ ń le sí i, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan ń rọ, tàbí tí ẹ ń jí i tí kò jí dáadáa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.