Ìkarahun Tí Kò Ní Okùn

Ní alẹ́ àná, bí èmi àti ọmọbìnrin mi ṣe ń wo The Little Mermaid, eré àwòrán ọdún 1989 nípa ọmọ ọba inú òkun tó ní ìrù ẹja, ó nawọ́ sí ìkarahun elésè àlùkò méjì tó bo àyà rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, okùn rẹ̀ dà? Ṣé kò ní já bọ́ ni?" Mo tẹjú mọ́ ọn títí, n kò rí okùn kankan.

Nínú ìtàn tí Hans Christian Andersen, òǹkọ̀wé ọmọ Denmark, kọ ní 1837, èyí tí wọ́n gbé eré náà kà, òísítà ńlá mẹ́jọ (ẹran omi oníkarahun) ni ìyá àgbà ní kó dì mọ́ ìrù ọmọ náà láti fi ipò rẹ̀ hàn, ọmọ náà sì ké pé ó ń dun òun, bí ọmọ tèmi ṣe máa ń ké bí a bá ń dirun fún un.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ọmọ tiyín ti bi yín bẹ́ẹ̀ rí?