Agolo oúnjẹ tí mo rà ní dọ́là 40

Ìyàwó mi ò tíì jẹ́ kí n sinmi lórí agolo yìí. Dọ́là 40! Àkàbà ni mo lọ wò lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó kó ẹrù síta fún títà, níbí ní Nashville, agolo irin tí ọmọ iléèwé fi ń gbé oúnjẹ ni mo gbé bọ̀. Pupa ni. Etí rẹ̀ ti dógùn-ún, fúláàsì rẹ̀ ò sí mọ́. Ìyá ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló ni ín, ẹ̀ẹ̀kan péré ló já a sílẹ̀ tí dígí inú fúláàsì fi fọ́ yángá, tí mílíìkì sì dà sórí ìwé rẹ̀.

Hopalong Cassidy ló wà níwájú rẹ̀, kábọ̀ì orí tẹlifíṣọ̀n tó máa ń wọ dúdú, tó ń gun ẹṣin funfun. Ìlú wa yìí náà ni ilé-iṣẹ́ Aladdin ti gbé e jáde lọ́dún 1950. Ṣáájú ìgbà náà, agolo lásán ni wọ́n ń tà, ó sì le débi pé bí òbí bá ti ra ẹyọ kan, ó di ọdún gbọọrọ kó tó tún wá ra òmíràn. Ni wọ́n bá lẹ kábọ̀ì mọ́ ọn. Ọmọ wo ni yóò tún gba èyí tí kò ní kábọ̀ì? Lọ́dún àkọ́kọ́, bíi 600,000 ló tà. Ní 1953, ilé-iṣẹ́ mìíràn, American Thermos, gbé ti Roy Rogers, kábọ̀ì mìíràn, jáde. Wọn ò lẹ àwòrán ní tiwọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ yí gbogbo ara irin náà ká. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1985, ike ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ irin.

Ohun tó mú mi san owó wà nínú ìdérí: ẹnì kan fi ìṣó ha lẹ́tà mẹ́rin síbẹ̀, ẹlòmíràn ha á rẹ́, ó kọ tirẹ̀ sábẹ́. Èmi, ike Blue Band ni ìyá mi ń bu ìrẹsì sí fún mi ní Mọ́kọ́lá, wọ́n á fi rọ́bà dè é. Kí n tó jáde ìwé mẹ́fà, kànìnkànìn ti bó gbogbo orúkọ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi wá bá mi. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra àpò oúnjẹ tuntun fún mi.”

Mo yẹ tọwọ́ rẹ̀ wò. Sípù ń ṣiṣẹ́, kò ya, àwòrán rẹ̀ ń dán.

“Kí ló ṣe eléyìí?”

“Kò sẹ́ni tó ń wo eré yẹn mọ́ ní kíláàsì wa, sà.”