Ẹ̀ẹ́dógún, Olúmọ àti ìko

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Mo ti kọ nóòtù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tán, ó ku ti Ìṣirò. Kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́ níbí ní Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí sì dùn mọ́ mi nínú, torí pé ìyọkúrò nínú Ìṣirò àti òǹkà nínú Èdè Yorùbá jọ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà. Ó lè má jẹ́ pé àwọn tó ṣètò ìlànà ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n èmi ò ní jẹ́ kó lọ lásán.

Ẹ kọ 42 sójú pátákó, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yọ 17 níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á gbé 35 wá. Wọ́n á rí i pé 2 ò gba 7, wọ́n á wá yí i po, wọ́n á yọ 2 nínú 7, ó ku 5. Wọ́n á yọ 1 nínú 4, ó ku 3. Ọkàn wọn á sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n lọ yá lọ́wọ́ ilé kejì, wọ́n á yá a, wọn ò kàn ní rántí pé ti ẹni tí wọ́n yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ti dín. (Àwọn àgbà kan náà kì í rántí.)

Àmọ́ ẹ rán ọmọ yìí kan náà ní ẹ̀kọ, kò sẹ́ni tó máa rẹ́ ẹ jẹ nídìí ṣéńjì. Ìyá ẹlẹ́kọ ẹ̀yìn ọgbà wa kì í yọ nǹkan kan. Bí ọjà bá jẹ́ 350 náírà, tí ọmọ fún un ní 500, á mú 50 lé e, á ní ó di 400, á mú 100 lé e, á ní "Ó pé, máa lọ." Òkè ló ń kà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà la lè ṣe 17 yẹn: 3 sọ ọ́ di 20, 20 sọ ọ́ di 40, 2 sọ ọ́ di 42. Ẹ ro ohun tá a fi kún un pọ̀, 25 ni. Èyí ni màá kọ́kọ́ fi hàn wọ́n lọ́jọ́ Ajé, kí n tó dárúkọ yíyá rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òǹkà. Láti 11 dé 14, ẹ̀wá là ń fi nǹkan lé. Tó bá ti di 15, òǹkà á fò dé ogún, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà: márùn-ún dín nínú ogún ni ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rin dín ni ẹ̀rìndínlógún, títí tó fi ku ẹyọ kan péré. Màá to ìdérí ìgò mínírà 20 sórí tábìlì, ọmọ kan á máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù á máa pe iye tó kù. Màá wá yọ owó jáde. Àádọ́ta náírà, mẹ́wàá dín nínú ọgọ́ta. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ọgọ́rùn-ún dín nínú ẹgbẹ̀ta. Ọmọ tó ń sá fún ìyọkúrò ti ń fi í ra bisikíìtì látọjọ́ yìí.

Ẹ̀kọ́ Àwùjọ kan ìtẹ̀dó ìlú wa: ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká kúrò nínú igbó wọn, wọ́n ṣe àtìpó ní Ìbàdàn, Ṣódẹkẹ́ sì kó wọn wá sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Wọ́n lè kọ́ ìyẹn sórí bí àkọ́sórí. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n bèèrè nílé ni pé, àdúgbò tí ẹ ń gbé, ìlú wo ni tẹ́lẹ̀? Aké, Ìgbẹ̀ìn, Ìkìjà, Kẹ́mta, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn kí ogun tó dé. Wọ́n gbé orúkọ wọn dání wá ni. Àwọn Òwu dé bá wọn, àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú náà padà dé láti Sàró (Sierra Leone) láti nǹkan bí 1839. Mo ní ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ègùn ní kíláàsì, àwọn náà gbọ́dọ̀ mú ìdáhùn wá. Ìlú tí àwọn tí ogun lé tẹ̀ dó, ta ni yóò wá máa pe ẹlòmíì ní àlejò níbẹ̀?

Sáyẹ́ǹsì ò le: bí a ṣe ń sẹ́ omi àti bí a ṣe ń sè é. Aṣọ funfun àti ìkòkò ti tó.

Iṣẹ́ Ọwọ́ ti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń retí jù, àdìrẹ oníko, èyí tí a ń fi ìko so kí a tó rẹ ẹ́. Síso nìkan ni wọ́n máa ṣe o. Sódà tí wọ́n ń dà sí aró ní Ìtòkú lè bó ọmọdé lọ́wọ́, mi ò sì ní gbé e wọ kíláàsì. Ìyá ọmọ kan tó jẹ́ aláró ló máa bá wa rẹ ẹ́. Ó ti kìlọ̀ fún mi: "Àǹtí, ẹ ní kí wọ́n so ó le dáadáa o. Tí kò bá le, aró á wọnú ẹ̀, ẹ ò ní rí batani kankan." Mo ti ra ìko, mo ti gé aṣọ. Òkúta tí wọ́n máa so sínú aṣọ ni kí wọ́n mú wá látilé, kó má ju hóró àgbàdo lọ. Mo mọ àwọn ọmọ mi: ẹnì kan á gbé èyí tó tó ọlọ wá.