Kókó Tí Kì Í Tú

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí àgbò Iléyá bàbá mi tú mọ́ mi lọ́wọ́. Bódìjà ni wọ́n ti rà á, èmi ni wọ́n ní kí n so ó mọ́ ìdí ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé wa ní Òkè-Àdó. Mo so ó bí ọmọdé ṣe ń so nǹkan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àgbò ti dé Mọlété, ó ń jẹ èèpo iṣu nídìí ìyá oníyán kan bí ẹni pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí a mú un dé, tí bàbá mi sì ti fi bẹ́líìtì bá mi sọ èyí tí wọ́n fẹ́ bá mi sọ, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta kókó tí kì í tú. Yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ki orí ẹ̀ bọ abẹ́, fà á títí ọwọ́ á fi pọ́n. "Àjàní, ohun tá a bá so, ká so ó ni."

Mo gbé kókó yẹn kúrò n'Ìbàdàn, mo gbé e dé Glasgow, mo sì gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ má rò pé àwọn ọkọ̀ ńlá tó dà bí òtẹ́ẹ̀lì ló gbà mí síṣẹ́ o. Èrò méjìlá péré ni tiwa ń gbà, torí bí ọkọ̀ bá ti ń gbà ju méjìlá lọ nílùú ọba, òfin tiẹ̀ yàtọ̀, ìwé rẹ̀ á sì pọ̀ bí ìwé ilẹ̀ tí ẹbí ń jà sí. Àwa òṣìṣẹ́ jẹ́ mẹ́rin: ọ̀gá tó ń tukọ̀, igbá-kejì rẹ̀, obìnrin tó ń se oúnjẹ, àti èmi. Mo pe màmá mi pé mo ti ríṣẹ́.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ọmọ ọkọ̀ ni mí, mà."

Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "Ọmọ tí mo fi owó alájẹṣẹ́kù rán lọ kàwé, òun ló di kọ̀ńdọ́ lójú omi?"

Mo ní kì í ṣe kọ̀ńdọ́. Ká sòótọ́, ó sàn kéèyàn jẹ́ kọ̀ńdọ́, torí kọ̀ńdọ́ kì í bó ọ̀dùnkún. Èmi ló ń fọ dẹ́ẹ̀kì, èmi ló ń nu fèrèsé, èmi ló ń gbé àpótí àlejò, èmi ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Tí a bá sì dé èbúté, èmi ni mo máa ń ju okùn. Àmọ́ ọ̀dùnkún ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ojú omi tí à ń ná ni Caledonian Canal, tó la Skọ́tílándì já láti Corpach, lẹ́bàá Fort William, títí dé Inverness. 60 máìlì ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí 22 péré ni ọmọ aráyé gbẹ́. Adágún tí Ọlọ́run dá ni ìyókù. Ọdún 1803 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀, ẹni tó ń jẹ́ Thomas Telford ló ya àwòrán rẹ̀ tó sì darí rẹ̀, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1822. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọkọ̀ ń gun òkè níbẹ̀. Wọ́n fi òkúta kọ́ yàrá sínú omi, lọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é, 29 ló wà. Ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n á jẹ́ kí omi máa ya wọlé látòkè, ọkọ̀ á sì máa ga bọ̀ títí á fi bá yàrá tó kàn dọ́gba. Ní Banavie, mẹ́jọ ló tò léra wọn bí àtẹ̀gùn ilé olówó. Wákàtí kan àbọ̀ la lò níbẹ̀.

Banavie yẹn ló bà mí jẹ́. Bí omi ṣe ń gbé wa lọ sókè ni okùn ń dẹ̀, ọ̀gá á sì ké sí mi: "Fà á!" Ó tún dẹ̀. "Fà á le!" Fún wákàtí kan àbọ̀, ọkùnrin yìí ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ míì. Mo fà á títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Nígbà tí a dókè, ó gbá mi léjìká, ó ní mo gbìyànjú. Èmi náà bá gbà pé mo ti mọṣẹ́.

Adágún tó ń jẹ́ Loch Oich ni òkè pátápátá. Láti ibẹ̀, sísọ̀ ló kù. A sọ̀ ní Cullochy, a sọ̀ ní Kytra, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ti ibẹ̀. Igbá-kejì ló di okùn mú níbi méjèèjì. Èmi wà ní kíṣìnì. Ẹ ti mọ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀.

Nígbà tó fi máa di Fort Augustus, wọ́n pè mí jáde. Márùn-ún ló tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, láàárín ìlú gan-an, àwọn arìnrìn-àjò á sì jókòó sórí koríko lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n á máa lá áísíkiriìmù, wọ́n á máa wo ọkọ̀ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. A fi okùn kọ́ ìkọ́ tó wà létí ògiri, a fà á padà sínú ọkọ̀, ó ku ká yí i mọ́ irin oníwo méjì tó wà lórí dẹ́ẹ̀kì. Ọ̀gá nawọ́ sí mi: "Mójú tó okùn ẹ̀yìn yẹn."

Mo wò ó. Ó dẹ̀ díẹ̀. Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹta, mo ki orí ẹ̀ bọ abẹ́, mo fà á títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Kódà mo fi ẹ̀kẹrin kún un.

Mo wá káwọ́ sẹ́yìn. Obìnrin kan ń fi fóònù ya wá létí omi, mo gbé àgbọ̀n sókè. Bàbá àgbà kan wà nínú àwọn àlejò wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ń mu tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Telford fún un.

Omi ti ń lọ sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn kan, kííí, kííí. Mo rò pé ẹyẹ ni.

Ìgbà náà ni ife tíì bàbá yẹn rìn. Mo rí i. Ó dìde lápá ọ̀tún tábìlì, ó rìn jẹ́jẹ́ lọ sápá òsì bí ẹni tó fẹ́ lọ kí aládùúgbò, ó sì bọ́ sí bàbá nítan. Ọkọ̀ ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi ń lọ, ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ ń bá omi lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tèmi rọ̀ mọ́ ògiri bí àdán. Abọ́ fọ́ nísàlẹ̀. Alásè ké. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dùnkún tí mo fàárọ̀ bó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí kọjá níwájú mi, wọ́n ń bọ́ sómi.

"Tú u sílẹ̀!" Ọ̀gá ló ń pariwo. "Tú u!"

Mo dì í mú, mo fi èékánná wá ojú ẹ̀, mo fi eyín kún un. Bàbá mi ò purọ́. Kókó yẹn ò tú.

Àwọn tó ń ṣọ́ lọ́ọ̀kì sáré dá omi dúró. Igbá-kejì ti dé pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó tì mí sẹ́yìn, ó gé e. Gbàù! Ọkọ̀ já lulẹ̀ sójú omi, omi ta sókè, gbogbo ẹ̀ ló dà lé mi láyà. Ẹ̀wù agbéniléfòó tí mo wọ̀, wọ́n ti sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé bí omi bá ti kàn án dáadáa, fúnra ẹ̀ ló máa wú. Oorun ló ń kùn mí lọ́jọ́ yẹn. Fùùù! Nǹkan pupa méjì là sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó fún mi lọ́rùn, ó ti àgbọ̀n mi dójú ọ̀run. N ò rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́.

Àwọn tó wà létí omi pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bí a ṣe máa ń dá àlejò lára yá nìyẹn.

Bàbá olùkọ́ fi aṣọ ìnujú nu ṣòkòtò ẹ̀. Ó wò mí, ó ní: "Telford náà ló kọ́ ẹ nìyí?"

Ọ̀gá ò pariwo mọ́. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó fi yé mi pé tí omi bá ń lọ sílẹ̀, ṣe ni wọ́n ń jẹ́ kí okùn máa yọ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́, wọn kì í ta á ní kókó láéláé. Nígbà tó ṣe, ó bèèrè ẹni tó kọ́ mi ní irú kókó yẹn.

"Bàbá mi ni, sà."

"Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n?"

"Rárá, sà. Àgbò ni."

Ó mi orí, ó lọ.

Bí a ṣe gba Loch Ness kọjá nìyẹn, adágún tí aráyé ń tìtorí ẹranko tí wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀ wá láti ìlú òkèèrè. Àwọn àlejò na ọrùn síta. Èmi wà lábẹ́ tábìlì, mò ń wá èyí tó kù nínú ọ̀dùnkún. Lọ́jọ́ kejì, ní Muirtown, lẹ́nu ọ̀nà Inverness, mẹ́rin ló tún tò níbẹ̀. Inú kíṣìnì ni mo wà ní gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo pe ilé lálẹ́. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ju fóònù sílẹ̀. Bàbá mi ló gbé e.

"Àjàní, mo gbọ́ ohun tí màmá ẹ ń sọ. Kókó yẹn, ó tú àbí kò tú?"

"Kò tú, sà. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e."

"Ẹn-ẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì dá fóònù padà fún màmá mi.