Ràkúnmí Kọ̀, Omi Ò Sì Gbé Mi Lọ

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, Alhamdulilahi! Ẹ bá mi gbé Ọlọ́hun tóbi. Ẹlòmíràn ni ì bá máa ròyìn mi fún yín.

Oṣù September 2024 ni mo lọ sí Mòrókò. M'Hamid, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà parí sí, la ti gun ràkúnmí, à ń lọ síbi òkìtì iyanrìn Erg Chigaga. Òjò tí aṣálẹ̀ yẹn kì í sábà rí ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tán ni. Ní Tagounite nítòsí, ó lé ní mìlímítà 100 láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Adágún Iriqui, tó ti gbẹ fún nǹkan bí 50 ọdún, tún lómi. Èèyàn kú, pàápàá lágbègbè Tata. Kí Ọlọ́hun tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹni tó gbowó wa ní ilẹ̀ ti gbẹ. Kò gbẹ. Àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí fẹ̀, ó sì rọ̀, iyanrìn ló bá a mu. Tó bá kan amọ̀ tútù, ṣe ló ń yọ̀ bí ẹni tẹ ilá. Lọ́jọ́ kejì, èyí tí mo gùn ṣubú, mo fi èjìká ọ̀tún sọlẹ̀. Okùn ti lọ́ mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Bàbá tó ń dà wọ́n fi ọ̀bẹ gé e kí ẹran náà tó dìde.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Nírọ̀lẹ́ la dé etí odò gbígbẹ kan. Ojú ọ̀run mọ́ roro. Abo ràkúnmí tó ṣáájú dúró. Wọ́n fà á, fà á, ó kọ̀. Ó na ọrùn síhà òkè odò, imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Èmi ti sọ̀ kalẹ̀, mo ní ká fẹsẹ̀ rìn kọjá. Bàbá di ọwọ́ mi mú gírígírí. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ìró bíi ti tírélà tó ń bọ̀ lókèèrè. Omi pupa ya dé, ó ń yí igi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó kún ibi tí mo fẹ́ tẹ̀ bámúbámú. Òjò tó rọ̀ lọ́nà jíjìn, tí ojú wa ò tó, ló rán an wá.

Òru méjì la sùn létí odò náà. Bàbá pín èso dàbínù rẹ̀ fún wa kó tó jẹ tirẹ̀. Ọlọ́hun á bá mi ṣọ́ ilé rẹ̀, á dá ọmọ rẹ̀ sí.

Èjìká yìí ṣì ń ro mí tí mo bá gbọ́wọ́ sókè láti wọ ìrun. Mò ń gbé e.